Kùrukùru Inú Kámẹ́rà Ìyá Oníbọ́tìnì

Ojú kan wà lókè ilẹ̀kùn Ìyá Oníbọ́tìnì tí kì í ṣẹ́jú. Kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ó dúdú, ó ń dán, ó sì tẹjú mọ́ àgbàlá láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tó ń retí àlejò. Kámẹ́rà ni. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá náà bí ló ní kí wọ́n wá gbé e síbẹ̀. Ìlú òtútù kan tó jìnnà réré ni ọmọ yìí ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun ò ní pẹ́ dé.

Aránṣọ ni ìyá náà. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò gba ìjókòó pípẹ́ mọ́, ó fi aṣọ rírán sílẹ̀, ó di bọ́tìnì mú. Ìgò bọ́tìnì tò sójú fèrèsé rẹ̀ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà: funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, àwọn wẹ́wẹ́ ti aṣọ ọmọdé, àwọn ràgàjì ti kóòtù. Mú ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnì rẹ̀ já lọ bá a, yóò da ìgò kan sórí tábìlì, yóò máa fi ìka wá inú rẹ̀ kiri, yóò máa bá ọ tàkúrọ̀sọ, kí o sì tó mọ̀, ó ti rí ìkejì èyí tó sọnù. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Bí bọ́tìnì bá já lóde òní, ṣẹ́ẹ̀tì tuntun làwọn èèyàn ń rà. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ àti àwọn ìgò wọ̀nyẹn nìkan ló máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí kámẹ́rà tó dé, ọmọ rẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ láago dáadáa. “Màmá, ṣé ẹ ti jí? Ṣé ara le?” Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí etí á fi gbóná. Nígbà tí kámẹ́rà dé, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó ń dín díẹ̀díẹ̀ bí ọṣẹ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Ìyá bá bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

“Ọkọ mi, ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò gbúròó rẹ.”

“Ha, Màmá! Mo kúkú ń rí yín. Mo rí yín láàárọ̀ yìí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbálẹ̀. Ẹ wọ búláòsì aláwọ̀ ewé yẹn. Ó yẹ yín.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti gbálẹ̀ tán, yóò dúró síwájú kámẹ́rà, yóò gbójú sókè, yóò juwọ́ sí i. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, fóònù rẹ̀ á dún tín-ín. Yóò ṣí i. Àwòrán àtàǹpàkò kan tó nà sókè ni yóò bá níbẹ̀, kò lóhùn, kò lẹ́nu. Ọmọ ti rí i nìyẹn. Ó di ọ̀la.

Ẹni tó wá gbé kámẹ́rà náà kọ́ ti kìlọ̀ fún un pé, “Màmá, ojú nìkan ló ní o. Kò létí.” Ó mọ̀. Síbẹ̀, kò sí àárọ̀ kan tí kì í bá a sọ̀rọ̀. Ó ń ròyìn fún un nípa ìdè géètì tó ń han, nípa ológbò tó bímọ sábẹ́ àkàsọ̀. Àti pé ó ń fọ ojú rẹ̀. Láràárọ̀ ni. Ó ní àpótí kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, òun ló ń gùn. Yóò ki aṣọ bọ omi ọṣẹ, yóò sì máa nu ojú kámẹ́rà náà bí ẹni tó ń fọ ojú ọmọ tó fẹ́ lọ síléèwé, yóò fọ igun, yóò fọ abẹ́, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. “Dúró jẹ́ẹ́,” ni yóò máa wí. “Ṣé kí ọmọ mi máa wá wò mí pẹ̀lú ipin lójú ni?”

Nígbà tí òjò wá wọlé dáadáa, tí ògiri ń làágùn, tí aṣọ ò gbẹ lórí okùn, fóònù ké láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò dún tín-ín o. Ó ké.

“Màmá! Ṣé kò sí o?”

“Kò sí nǹkan kan, ọkọ mi. Kí ló dé?”

“Mi ò rí yín! Ojú kámẹ́rà ti funfun báláú. Mò ń rí òjìji kan, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni tàbí ìgbálẹ̀.”

“Èmi ni. Ìgbálẹ̀ ló tín-ín-rín jù níbẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọ yìí, inú imú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, láti kékeré, kó tó wá rí ọ̀nà gba ẹnu jáde. Ìyá náà ti gbàgbé. Ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ fóònù mọ́ etí.

Ó jáde lọ wo kámẹ́rà. Ó fi aṣọ nu ún, kò ràn án. Inú ló wà. Lẹ́yìn dígí lọ́hùn-ún, ìrì ti bò ó bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára jígí, omi wẹ́wẹ́ sì ti ṣara jọ sí ìsàlẹ̀ bí omijé ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n rí òun.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tún pè. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè. Níwọ̀n ìgbà tí kò rí i, ó ní láti gbọ́ ọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ológbò, wọ́n fún gbogbo wọn lórúkọ. Ìyá ròyìn ọkùnrin kan tó fi okùn so ṣòkòtò rẹ̀ wá nítorí bọ́tìnì. Bí ó bá ti pa fóònù, yóò máa kọrin lábẹ́lẹ̀ títí di ọ̀sán. Àdúgbò rò pé owó ló wọlé fún un.

“Màá rán Wáyà oníkámẹ́rà sí yín kó wá tún un ṣe,” ni ọmọ sọ lọ́jọ́ kan.

“Má da ara rẹ láàmú. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná.”

“Báwo ló ṣe máa wà bẹ́ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ṣubú ńkọ́?”

“Tí mo bá ṣubú, ṣé kámẹ́rà ló máa gbé mi dìde?”

Ọmọ kúkú rán Wáyà.

Wáyà ni ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà náà kọ́ níjọ́sí. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wáyà kì í sì í tán lọ́rùn rẹ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n fi ọrùn rẹ̀ ṣe ìṣó. Ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀ láti ẹnu géètì.

“Màmá, ta ló fẹ́ jí yín gbé gan-an, tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́ra tó báyìí?”

“Ẹni tó bá jí mi gbé, á dá mi padà kílẹ̀ tó ṣú. Ẹnu mi ò dákẹ́.”

Ó tú kámẹ́rà sílẹ̀, ó gbé e wọlé, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ìránṣọ, ó sì ń fi irin ìtúdè tú àwọn sukúrù kéékèèké ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí dígí ojú rẹ̀ ṣí, ó gbé e sí imú. Ó wo ìyá. Ó tún gbé e sí imú.

“Màmá. Ọṣẹ ló ń rùn nínú kámẹ́rà yìí.”

“Ọṣẹ tó dáa ni.”

“Ẹ̀ ń fọ̀ ọ́?”

“Ojú tó bá dọ̀tí, ṣé wọn kì í fọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ti bí ọ ni?”

Wáyà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi hàn án. Rọ́bà róbótó kan wà tó yí ẹnu dígí ká, òun ló ń dènà omi. Fífọ̀ tí ìyá ń fọ̀ ọ́, tó ń tẹ̀ ẹ́, tí ọṣẹ ń yọ̀ ọ́, rọ́bà ti yẹ̀ kúrò lójú ibùdó rẹ̀, omi ń gba ibẹ̀ wọlé ní tìńtín. Bí oòrùn bá mú, omi yẹn á di ooru nínú ẹ̀rọ. Bí ara ẹ̀rọ bá tutù, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn dígí. Ó gbọn omi inú rẹ̀ dànù, ó tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ. Ó fi rọ́bà tuntun sí i. Ó wá mú àwọn àpò funfun kéékèèké kan jáde, irú èyí tí èèyàn máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ó sì tò wọ́n sínú rẹ̀.

“Àwọn yìí ló máa máa mu ọ̀rinrin. Tó bá wù yín kẹ́ ẹ nù ún, aṣọ gbígbẹ ni, Màmá. Gbígbẹ.”

Ìyá ń wo ọwọ́ Wáyà bí aránṣọ ṣe ń wo ọwọ́ aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rí ibi tí sukúrù kọ̀ọ̀kan wọ̀. Ó rí i pé wọn ò tóbi ju ti abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ òun lọ.

“Ṣé kò ní ṣú mọ́ báyìí?”

“Láéláé!” Wáyà fi ọwọ́ sọ àyà. “Ọmọ yín á máa ka irun orí yín.”

“O ṣé o,” ni ìyá wí, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi sọ ọ́.

Àtàǹpàkò padà dé. Tín-ín. Ó di ọ̀la. Tín-ín.

Ìyá Oníbọ́tìnì gbìyànjú. Ó gbé ìgbálẹ̀ lódìkejì lọ́jọ́ kan, ó ń fi ìdí rẹ̀ ha ilẹ̀, bóyá ọmọ á pè láti bi í pé kí ló dé. Tín-ín. Ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan jáde. Tín-ín. Ó wá wọ búláòsì aláwọ̀ ewé yẹn ní òdì, òun aránṣọ, tí ojú rírán àti òwú ń yọ ṣagiṣagi lóde, ó dúró síwájú kámẹ́rà fún ìgbà pípẹ́. Àtàǹpàkò dé ní tirẹ̀, ó nà sókè, gbogbo nǹkan dára.

Ó wọlé, ó bọ́ búláòsì náà, ó yí i sí ojú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ilé dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ bí aago ògiri ṣe ń gbé ẹsẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ṣe é. Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn mú ganrínganrín. Ó gbé kẹ́tùlù kaná. Ó mú irin ìtúdè kékeré inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé àpótí sí ẹsẹ̀ ògiri, ó gùn ún. Àpótí mì, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó tú àwọn sukúrù náà, ó sì fi ètè rẹ̀ há wọn bó ti ṣe máa ń há abẹ́rẹ́. Ó yọ àwọn àpò funfun, ó kó wọn sápò ẹ̀wù. Ó gbé dígí náà wọlé, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ sójú ooru kẹ́tùlù títí ìrì fi bò ó, ó sì sáré gbé e padà wá. Kí ó tó dè é padà, ó gbé ẹnu súnmọ́ ihò ojú kámẹ́rà, ó mí sínú rẹ̀, “hàà,” bí ẹni tó fẹ́ nu jígí.

“Má bínú sí mi,” ni ó sọ fún un. Ó ti gbàgbé pé kò létí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù ké.

“Màmá, ó tún ti ṣe é o. Mi ò rí yín.”

“Ó mà ṣe o,” ni ìyá wí, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ti ọmọdé. “Ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí! Jókòó, jẹ́ kí n sọ fún ọ ibi tí ọ̀rọ̀ ológbò dé.”

Ọmọ jókòó, ó gbọ́. Ó pè lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àti lọ́jọ́ mìíràn. Kò tilẹ̀ kánjú pa fóònù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe ìyá ní kàyéfì: kò sọ ọ́ rárá pé òun máa rán ẹnikẹ́ni wá.

Àfi bí Wáyà ṣe yọ lẹ́nu géètì láìròtẹ́lẹ̀. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó tú kámẹ́rà, ó ṣí i lórí tábìlì, ó wò ó.

“Màmá, àwọn àpò funfun dà?”

“Bóyá eku ló gbé wọn.”

“Eku tó mọ sukúrù tú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un, mo fẹ́ gbà á síṣẹ́.”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka kan yí bọ́tìnì kan po lórí tábìlì. Wáyà wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu tirẹ̀ náà. Ó fa àga, ó jókòó.

“Màmá,” ni ó wí jẹ́jẹ́, “ohun tí kámẹ́rà bá rí, ó máa ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń tú u, ó ń wò yín. Títí kẹ́ ẹ tó dé e padà.”

Ìyá ò rò ó débẹ̀. Bí òun bá ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣebí ẹ̀rọ ìránṣọ ti sùn nìyẹn, kì í mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un mọ́. Ó rí ara rẹ̀ báyìí bí ọmọ rẹ̀ á ṣe rí i: arúgbó lórí àpótí, sukúrù lẹ́nu, ó ń mí sínú ihò.

“Ṣé ó ti rí i?”

“Ẹ bi í léèrè.” Wáyà dìde. Kò tún kámẹ́rà ṣe. Ó jáde lọ gbé àpótí ìyá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó kan igi pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹsẹ̀ tó kúrú, ó mì ín wò, kò mì mọ́. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ìyá ò lè pe ọmọ. Ó gbé fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Tí ọmọ bá ti rí i, kí ni yóò pè é? Òpùrọ́? Tàbí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú, tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Bóyá kò tiẹ̀ ní pè mọ́ rárá. Ó jókòó ti fóònù náà bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí fóònù ké.

“Màmá.”

“Ọkọ mi.”



“Ṣé Wáyà ti tún àpótí yẹn ṣe? Ó ń mì lábẹ́ yín lọ́jọ́ náà. Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.”

Ìyá pa ojú dé. “O rí i.”

“Lọ́jọ́ náà gan-an.”

“O rí i, o sì ń pè mí láràárọ̀ pé o ò rí mi?”

“Ẹ ò fẹ́ kí n rí yín, Màmá. Mo bá ṣe bí ẹni tí ò rí yín.” Ọmọ mí kanlẹ̀. “Kí ló dé tẹ́ ò kàn pè mí?”

“Tí mo bá pè ọ́, ẹnu iṣẹ́ lo wà. Ìgbà wo ni kì í ṣe ẹnu iṣẹ́ lo wà? Ṣùgbọ́n tí ojú ẹ̀rọ yìí bá ti ṣú, ìwọ fúnra rẹ lò ń pè.”

“Mo rò pé a jọ ń ríra ni,” ni ọmọ wí. “Lójoojúmọ́, kí n tó jáde, mo máa ń wò yín. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti ilé yín jáde.”

“Ìwọ lò ń rí mi, ọkọ mi. Ògiri lèmi ń rí.”

Ọmọ wá sọ pé kámẹ́rà kan wà lókè ilẹ̀kùn òun náà lọ́hùn-ún. Wáyà á padà wá, á fi àwòrán rẹ̀ sínú fóònù ìyá, kí ìyá náà máa rí òun.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Wáyà nu ojú kámẹ́rà ti ìyá gbẹ, ó sì fi ti ọmọ sínú fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá Oníbọ́tìnì rí ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ nìyẹn: pákó aláwọ̀ ilẹ̀, ẹní kékeré kan níwájú rẹ̀, agboòrùn tó ti ṣẹ́ tó fara ti igun. Ọmọ á jáde nígbà tí ojúmọ́ ò tíì mọ́ tán níbẹ̀, á gbójú sókè, á juwọ́, á lọ. Á padà wọlé pẹ̀lú ọ̀rá kan, búrẹ́dì kan nínú rẹ̀, búrẹ́dì ẹnì kan. Láàárín ìyẹn, ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀. Ìyá a máa gbé fóònù ti ìgò bọ́tìnì, a máa wò ó. Ó ń retí kí ẹnì kan wá kan ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀rẹ́, aládùúgbò, obìnrin kan, ẹnikẹ́ni tó ṣìnà. Kò sẹ́ni tó kàn án. Ọmọ tí kì í ráyè, kò sẹ́ni tó ń gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ ju iṣẹ́ lọ.

Ó rí nǹkan mìíràn. Bọ́tìnì kejì láti òkè ti já lára kóòtù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá juwọ́ ni afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọ àyà rẹ̀. Ìyá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á pè é, òun á sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó kúkú ń rí i. Ó rí i lánàá, ó rí i lónìí, ara rẹ̀ le. Àfi lọ́jọ́ tí ó fẹ́ fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí i, tí ìka rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, ló tó rántí pé ọ̀sẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, òun ò sì tíì gbọ́ ohùn ọmọ òun. Ó ká ìka náà kò bí ẹni tí iná jó.

Kò tíì pinnu ohun tó máa ṣe nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ gan-an lọ́hùn-ún. Ó ṣí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò rí ilẹ̀kùn. Kò rí ẹní. Funfun báláú ni gbogbo rẹ̀, òjìji kan sì ń lọ láàárín rẹ̀, bóyá èèyàn, bóyá agboòrùn.

Ó tẹ ọmọ rẹ̀ láago.

“Ọkọ mi, mi ò rí ọ mọ́ o.”

“Òtútù ni, Màmá. Omi ti wọ ẹ̀yìn dígí rẹ̀.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ó wà níta. “Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n tún ṣe. Kí ni kí n ṣe sí i?”

Ìyá mọ̀ ọ́n. Rọ́bà, aṣọ gbígbẹ, atẹ́gùn. Àwọn àpò funfun ọjọ́sí ṣì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fọwọ́ bà wọ́n.

“Màá sọ fún ọ,” ni ó wí. “Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Wọlé kúrò nínú òtútù ná. Bọ́tìnì kejì kóòtù rẹ ti já, ṣé o mọ̀?”

Ó gbọ́ tí ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ nínú imú, tó ń wá ọ̀nà ẹnu bọ̀.

“Ẹ rí ìyẹn náà?”

“Àwọ̀ wo làwọn tó kù? Wò wọ́n dáadáa. Ihò mélòó ló wà lójú wọn?” Ó ti fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó na ọwọ́ sójú fèrèsé, ó gbé ìgò àwọn ràgàjì, ó dà á sórí tábìlì. Bọ́tìnì ya lọ sílẹ̀ gbogbo yàrá. “Má pa fóònù o,” ni ó wí. “Jẹ́ kí n bá ọ wá ìkejì rẹ̀.”